Irin Tí Wọ́n Ṣe Kó Lè Ṣẹ́

Ẹ má bi mí bí mo ṣe dé Dublin. Mo ti ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn tó ní ẹ̀tọ́ láti bi mí, wọ́n sì ti kọ ọ́ sílẹ̀. Ó tó bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ sọ níbí ni ti ẹ̀rọ kan tí wọ́n fi ń kó sínóò, yìnyín tó ń bọ́ láti ojú ọ̀run bí òwú, ní ìlú tí sínóò kì í fi bẹ́ẹ̀ já bọ́.

Ọmọ Ìwó ni mí. Jẹnẹrétọ̀ ni mò ń tún ṣe níbẹ̀, àti ẹ́ńjìnnì ẹ̀rọ ìlọta. Mi ò lọ síléèwé ní kékeré. Ìyàwó mi, Ráfátù, ló kọ́ mi ní A, B, D lẹ́yìn tí a ti bí Sìdíkátù, ọmọ wa kan ṣoṣo. Nígbà tí mo pé ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ó tì mí lọ sí iléèwé àgbà ní ìrọ̀lẹ́, mo sì ka ìwé mẹ́fà níbẹ̀ láàárín àwọn awakọ̀ àti àwọn télọ̀. Ráfátù kú kí n tó kúrò nílé. Mi kì í sọ̀rọ̀ rẹ̀ púpọ̀. Kì í ṣe pé kò sí ohun tí mo lè sọ.

Ohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù ní Dublin kì í ṣe òtútù. Iná wọn ni. Iná wọn kì í lọ. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, oṣù kan kọjá, iná kò ṣẹ́jú. Mo jókòó nínú yàrá tí wọ́n fi mí sí, mò ń dẹtí sí ìró tí mi ò gbọ́. Kò sí jẹnẹrétọ̀ kankan ní àdúgbò. Gbogbo iṣẹ́ tí mo mọ̀ láyé, ìlú yìí kò nílò rẹ̀. Ẹni tó bá ti jẹ́ ọ̀gá nídìí iṣẹ́ rẹ̀ rí ni yóò mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe ń dunni.

Nígbà tí ìwé ìgbélùú mi dé, mo ríṣẹ́ ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan ní Clonsilla. Mò ń gbá ọgbà, mò ń kó ìdọ̀tí, mò ń ti àwọn arúgbó lórí àga onítáyà lọ síbi tí oòrùn bá wà, bí oòrùn bá wà. Owó wà nílùú lásìkò náà. Kirénì ló kún ojú ọ̀run, gbogbo ènìyàn ló ń kọ́lé, gbogbo ènìyàn ló ń ra ohun tí wọn kò nílò. Ọ̀gá wa, obìnrin kan tó ń jẹ́ Bridie, ní ẹ̀gbọ́n ọkùnrin kan ní Kánádà. Ọkùnrin yìí gbọ́ pé arúgbó kan yọ̀ ṣubú lórí yìnyín nínú ọgbà wa, ó ra ẹ̀rọ sínóò ńlá kan, ó fi ọkọ̀ òkun gbé e wá fún àbúrò rẹ̀. Ẹ̀rọ náà dé, wọ́n tì í sínú ṣẹ́ẹ̀dì, wọ́n fi tapólì bò ó. Ọdún méjì ló lò níbẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tan án.

Noel ló ń mójú tó àwọn ẹ̀rọ. Kò tíì pé ọmọ ogójì ọdún. Ìdì kọ́kọ́rọ́ kan máa ń wà ní ìbàdí rẹ̀ tó ń dún ṣaworo bó bá ń bọ̀. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ṣùgbọ́n bí mo bá dúró tì í níbi tó ti ń tú nǹkan, á ní, "You're grand, you're grand," ohun tó sì túmọ̀ sí ni pé kí n máa lọ.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún kan, Bridie pe gbogbo wa sí ilé ìdáná. Ó ní òun ti kọ́ ilé ìtọ́jú kejì sí Adamstown, Noel ni yóò sì máa bójú tó ibẹ̀.

"Ta ni yóò wá gba kọ́kọ́rọ́ níbí?" ó béèrè.

"Mo ní ọ̀rẹ́ kan," ni Noel dáhùn.

"Èmi," ni mo wí.

Wọ́n wò mí bí ìgbà tí àga bá ṣàdédé sọ̀rọ̀. Noel kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín.

"Ọkùnrin mi, ìgbálẹ̀ yẹn fẹ́ràn ẹ. Tó o bá fi í sílẹ̀, á sunkún."

"Ẹ̀rọ wo ni kò ṣiṣẹ́ nínú ọgbà yìí?" ni mo bi í.

Bridie ló na ìka sí ṣẹ́ẹ̀dì láti ojú fèrèsé.

"Yoke ẹ̀gbọ́n mi yẹn," ó ní. Yoke ni wọ́n ń pe ohunkóhun tí wọn kò bá rántí orúkọ rẹ̀. "Tó o bá lè mú un ṣiṣẹ́ kí òtútù tó wọlé, kọ́kọ́rọ́ di tìrẹ. Bí kò bá ṣeé ṣe, ọ̀rẹ́ Noel ni."

Ìyá Ridwan ń fọ ife lẹ́yìn wa. Ẹ̀gbá ni, ó ń gbé ní Balbriggan pẹ̀lú ọkọ àtàwọn ọmọ rẹ̀, òun ló ń wẹ àwọn arúgbó, tó sì ń fún wọn lóúnjẹ. Bí àwọn òyìnbó ṣe jáde, ó nu ọwọ́ rẹ̀.

"Ẹ̀yin náà, Bàbá Sìdí! Ẹ̀yin tí ẹ kì í sọ̀rọ̀! Ọdún mẹ́ta la ti jọ wà níbí, 'ẹ káàárọ̀' nìkan ni mo gbọ́ lẹ́nu yín, ọjọ́ tí ẹ máa yanu, ẹ ní èmi."

"Ṣé ó burú ni?"

"Kò burú o. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Tí ẹ bá kùnà, Noel á fi yín ṣẹ̀sín títí ẹ máa fi kúrò níbí. Ẹ mọ̀ ọ́n."

Mo mọ̀ ọ́n.

*

Àwọn òyìnbó ibi iṣẹ́ mi fẹ́ràn láti máa bi mí ìgbà tí n ó padà sílé. Wọn kò fi ibi bi mí. Bí wọ́n ṣe ń béèrè bí ojú ọjọ́ ṣe rí náà ni. Ní mọ́sálásí lọ́jọ́ Jímọ̀, àwọn ará ilé náà ń béèrè. Èmi a máa dáhùn pé, "Ó dọwọ́ Ọlọ́run." Ṣùgbọ́n mo ti ṣàkíyèsí ohun kan. Ọmọ Mayo ni Noel, ìrìn wákàtí mẹ́ta sí Dublin lójú ọ̀nà mọ́tò. Kò sí ẹni tó ń bi í ìgbà tí yóò padà sí Mayo. Wọ́n gbà pé ibi tí ọkùnrin bá ti ń ṣiṣẹ́ ló wà. Èmi náà fẹ́ kí wọ́n gbà bẹ́ẹ̀ nípa mi, mi ò sì fẹ́ bẹ̀bẹ̀ fún un.

*

Lọ́jọ́ Ajé, Noel ṣí ṣẹ́ẹ̀dì fún mi, ó sì dúró lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó ń wo eré. Mo ká tapólì kúrò. Ẹ̀rọ náà pupa, ó ga dé ìbàdí mi. Ẹnu rẹ̀ fẹ̀, irin kan tó lọ́ bí ìwo àgbò sì dùbúlẹ̀ nínú ẹnu náà. Òun ni yóò máa yí, tí yóò máa họ sínóò wọlé. Lórí ẹnu yìí ni ọrùn gígùn kan wà tí yóò máa tu sínóò síta. Ènìyàn lè yí ọrùn náà sí ọ̀tún tàbí sí òsì.

Mo ṣí táǹkì rẹ̀. Òórùn tó jáde kì í ṣe òórùn pẹtiróòlù mọ́, òórùn fáníìṣì ni. Epo ọdún méjì. Inú mi dùn. Mo ti rí àìsàn yìí lára jẹnẹrétọ̀ àwọn olówó, tí wọ́n á rà á sílẹ̀ de ayẹyẹ, tí wọ́n á gbàgbé rẹ̀ pẹ̀lú epo nínú.

"O ti rí ọ̀kan rí?" Noel béèrè.

"Rárá."

"Ó dáa náà," ó ní, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Mo fa epo náà dà nù sínú kẹ́ẹ̀gì. Mo tú kabúrétọ̀, mo fọ̀ ọ́, mo fi wáyà tín-ín-rín gún ihò rẹ̀ títí ìmọ́lẹ̀ fi gba inú rẹ̀ kọjá. Mo pààrọ̀ òróró ẹ́ńjìnnì. Mo fi púlọ́ọ̀gì tuntun sí i. Mo wo bẹ́líìtì rẹ̀, mo wo táyà, mo fi gíríìsì sí gbogbo ibi tí irin ti ń fara kan irin. Nígbà tí mo dé ibi irin tó lọ́ bí ìwo àgbò yẹn, mo rí i pé bóòtù méjì péré ló dì í mú. Ọ̀kan ti ṣẹ́, bóyá nínú ọkọ̀ òkun, ìkejì ti dípẹtà. Wọ́n tín-ín-rín, wọ́n rọ̀. Mo kẹ́gàn wọn. Ẹ̀rọ ńlá báyìí, bóòtù ọmọdé!

Ní Ìwó, bí bóòtù bá ṣẹ́ lára ẹ́ńjìnnì, a ò jẹ́ fi irú rẹ̀ rọ́pò rẹ̀. Èyí tó le jù ú lọ la máa fi sí i. Bí oníbàárà bá padà wá lọ́sẹ̀ kejì pẹ̀lú bóòtù kan náà, ẹnu rẹ̀ kò ní dáa sí ọ. Nítorí náà mo wá bóòtù méjì tó le jù nínú àpótí irinṣẹ́, mo fi wọ́n dè é pinpin, inú mi sì balẹ̀.

Lọ́jọ́rú, ní ọ̀sán, mo fa okùn rẹ̀. Kò dáhùn. Ẹ̀ẹ̀kejì, ó wúkọ́. Ẹ̀ẹ̀kẹta, ó bú. Ilẹ̀ ṣẹ́ẹ̀dì ń gbọ̀n lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Ó lé ní ọdún mẹ́ta tí mo ti gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì tí mo fi ọwọ́ ara mi mú ṣiṣẹ́ kẹ́yìn. Mo yí ojú sí ògiri díẹ̀ kí wọ́n tó sáré dé.

Ìyá Ridwan kọ́kọ́ dé, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ ọ̀rá lọ́wọ́. "Subhanallah! Bàbá Sìdí!" Bridie ń pàtẹ́wọ́. Noel wò ó, ó wò mí.

"Ó ń pariwo, mo gbà," ó ní. "Ṣùgbọ́n ṣé ó ń ṣiṣẹ́? Sínóò dà tí a máa fi dán an wò?"

"Ìbátan mi kan ń ta ẹja ní Howth," ni Bridie wí. "Yìnyín tí wọ́n fi ń to ẹja pọ̀ níbẹ̀. Á gbé ẹ̀kún ọkọ̀ kan wá ní Sátidé. Ibẹ̀ la ti máa mọ̀."

*

Lọ́jọ́bọ̀, lásìkò oúnjẹ ọ̀sán, mò ń wá ṣúgà nínú press, bí wọ́n ṣe ń pe kọ́bọ́ọ̀dù níbẹ̀, mo rí àpò ọ̀rá kan lábẹ́ àwọn ìwé ìròyìn àtijọ́. Ìwé ẹ̀rọ náà ni. Wọn kò tíì já àpò náà. Mo jókòó tì í pẹ̀lú ìwé atúmọ̀ èdè mi. Mi kì í kàwé kíá. Ìka mi ló máa ń ṣáájú, ojú mi a tẹ̀ lé e.

Ìwé náà ní kí n fi àbẹ́là pa inú ọrùn ẹ̀rọ kí sínóò má baà lẹ̀ mọ́ ọn. Mo gbà. Ó ní n kò gbọdọ̀ ti ọwọ́ bọ ẹnu rẹ̀, igi ni kí n lò. Mo gbà. Mo wá dé ojú ewé tó sọ nípa bóòtù méjì yẹn. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Ó ní wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe wọ́n kí wọ́n rọ̀ ni. Bí ẹ̀rọ bá gbé òkúta tàbí igi mì, bóòtù ni yóò ṣẹ́, gíábọ́ọ̀sì kò sì ní fọ́. Ó ní ẹnikẹ́ni tó bá fi bóòtù líle rọ́pò wọn ti ba ẹ̀rọ jẹ́ sílẹ̀, kó kàn máa retí ọjọ́ rẹ̀ ni. Bóòtù mẹ́rin wà nísàlẹ̀ àpò náà, ti ìpààrọ̀.

Mo pa ìwé náà dé. Tíì mi ti tutù.

Mo mọ ohun tó wà níwájú mi. Yìnyín ẹja kò le. Bóòtù mi á fọ́ ọ. Ẹ̀rọ á ṣiṣẹ́ ní Sátidé, wọ́n á fún mi ní kọ́kọ́rọ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí sínóò gidi bá dé, tí òkúta bá wà nínú rẹ̀, gíábọ́ọ̀sì á fọ́. Bí mo bá sì fẹ́ pààrọ̀ bóòtù náà kí Sátidé tó pé, ọwọ́ Noel ni kọ́kọ́rọ́ ṣẹ́ẹ̀dì wà. Á béèrè ohun tí mo fẹ́ lọ ṣe.

Ní ìrọ̀lẹ́, mo pe ọmọ mi, Sìdíkátù, ní Ìwó. Tíṣà ni. Mo rò ó fún un.

"Ẹ dúró ná, Bàbá. Irin tí wọ́n ṣe kó lè ṣẹ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Òyìnbó! Owó tí wọn ò rí ibi ná sí ló ń dà wọ́n láàmú."

"Kì í ṣe ìyẹn. Ọgbọ́n wà níbẹ̀."

"Ta ló sọ ọ́ fún yín?"

"Mo kà á nínú ìwé rẹ̀."

Mo rò pé ìlà ti já.

"Ẹ̀yin fúnra yín? Ìwé òyìnbó, ìwé ẹ̀rọ? Ẹ kà á tán?"

"Ó ku ojú ewé mẹ́jọ."

"Bàbá mi!" Ó ń rẹ́rìn-ín, mo sì gbọ́ ohun mìíràn lábẹ́ ẹ̀rín náà. "Ká ní Màámi wà níbí." Lẹ́yìn náà ó ní, "Ẹ má sọ fún wọn o. Àwọn wo ló máa mọ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba kọ́kọ́rọ́ yín."

Mo ní mo ti gbọ́. Mi ò sọ pé mo gbà.

*

Lọ́jọ́ Jímọ̀, bí mo ṣe ti mọ́sálásí dé, mo lọ bá Noel.

"Bá mi ṣí ṣẹ́ẹ̀dì."

"Kí lo tún fẹ́ ṣe? Ẹ̀rọ ti ṣiṣẹ́ tán."

"Bóòtù tí mo fi sí i kì í ṣe tirẹ̀. Mo fẹ́ yọ wọ́n."

Ojú rẹ̀ tàn. Kò lọ sí ṣẹ́ẹ̀dì, ọ́fíìsì Bridie ló kọ́kọ́ lọ, mo sì tẹ̀ lé e nítorí mi ò fẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀ mi lẹ́yìn mi.

"Bridie, ó kù díẹ̀ kí ọkùnrin yìí ba ẹ̀rọ ẹ̀gbọ́n rẹ jẹ́. Òun fúnra rẹ̀ ló jẹ́wọ́. Mo ti wí fún ẹ. Kò ní ìwé ẹ̀rí kankan."

Bridie wò mí. "Ṣé òótọ́ ni?"

Mo sún mọ́ tábìlì rẹ̀.

"Òótọ́ ni. Èmi ni mo fi bóòtù líle sí i. Níbi tí mo ti kọ́ṣẹ́, bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é. Lánàá ni mo ka ìwé rẹ̀, mo rí i pé mo ṣì í ṣe." Mo gbé ìwé náà lé orí tábìlì rẹ̀. "Ọdún méjì ni ìwé yìí fi wà nínú press. Nínú àpò tí ẹnikẹ́ni kò já. Ẹ béèrè lọ́wọ́ Noel bóyá ó kà á."

Noel pupa títí dé etí. Bridie mú ìwé náà, ó wo ibi tí mo fi pẹ́ńsùlù fàlà sí àtàwọn ọ̀rọ̀ Yorùbá tí mo kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

"Noel, ṣí ṣẹ́ẹ̀dì fún un," ó ní. "Ọ̀la náà la ṣì ń dán an wò. Ohun tí mo sọ kò yí padà: bó bá ṣiṣẹ́, ó gba kọ́kọ́rọ́. Bó bá bàjẹ́, kò gbà á."

Mo yọ bóòtù líle, mo fi méjì nínú àwọn tó rọ̀ sí i. Méjì tó kù, mo fi wọ́n sínú àpò ṣòkòtò mi.

*

Òtútù mú ní àárọ̀ Sátidé. Wọ́n ti to àwọn arúgbó sẹ́yìn gíláàsì pẹ̀lú búláńkẹ́ẹ̀tì lẹ́sẹ̀ wọn. Ọkọ̀ ẹja láti Howth da yìnyín rẹ̀ sílẹ̀ lójú ibi ìgbọ́kọ̀sí, òkìtì ńlá kan, òórùn rẹ̀ sì gba gbogbo ọgbà. Ìyá Ridwan fi ìbòrí rẹ̀ bo imú.

"Bàbá Sìdí, ẹ bá wa ṣe é kíá kí ológbò àdúgbò tó pé jọ."

Mo fa okùn. Ẹ́ńjìnnì bú lẹ́ẹ̀kan náà. Mo tì í wọ inú òkìtì, irin náà sì ń họ yìnyín wọlé, ọrùn rẹ̀ ń tu ú síta, funfun, gíga, ó ń bọ́ sórí koríko bí ẹni ń fọ́n gààrí. Mo rí àwọn arúgbó tó ń pàtẹ́wọ́ lẹ́yìn gíláàsì. Mo ti dé ìdajì òkìtì nígbà tí mo gbọ́ ọ: kà! Irin dúró. Ẹ́ńjìnnì ṣì ń sáré, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó ń yí.

Noel ti gbé ọwọ́ sókè. "Ó tán! Ó ti bàjẹ́. Bridie, ṣé o rí i?"

Ọ̀rọ̀ tí Bridie sọ lánàá ni mo rí lójú rẹ̀.

Mo pa ẹ́ńjìnnì. Mo dúró títí gbogbo nǹkan fi dákẹ́. Mo mú igi, mo fi gún ẹnu rẹ̀, mo sì fa pákó kan jáde, pákó àpótí ẹja tó ti dì mọ́ inú yìnyín, tó gùn tó apá mi. Mo kúnlẹ̀. Mo ti ìyókù bóòtù tó ṣẹ́ jáde, mo fi ọ̀kan láti inú àpò mi rọ́pò rẹ̀, mo sì dè é. Kò gbà tó ìṣẹ́jú márùn-ún. Mo gbé bóòtù tó ṣẹ́ lọ bá Bridie, mo fi sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ pẹ̀lú pákó náà.

"Iṣẹ́ rẹ̀ ló ṣe," mo ní. "Ká ní èyí tó le tí mo yọ lánàá ló wà níbẹ̀, gíábọ́ọ̀sì ni ǹ bá gbé wá fún yín."

Mo padà, mo fa okùn. Ó bú, irin yí. Mo kó ìyókù òkìtì náà títí kọ́ńkéré fi hàn. Nígbà tí mo ń gbá etí rẹ̀, ọrùn ẹ̀rọ kọjú sí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ Noel, yìnyín ẹja sì dà sórí rẹ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn. Mi ò mọ̀ọ́mọ̀ yí i síbẹ̀. Mi ò sì yára yí i kúrò.

Ìyá Ridwan jókòó sílẹ̀ fún ẹ̀rín.

Bridie ní, "Noel, fún ọkùnrin yìí ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀."

Noel tú ìdì náà kúrò ní ìbàdí. Kò wò mí. Ó jù ú sórí ẹ̀rọ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ táǹkì, ó sì yíjú láti lọ. Nílé wa, ọmọdé kì í ju nǹkan sílẹ̀ kí àgbà máa ṣà á. Mi ò mú un. Mo bọ́ ìbọ̀wọ́ mi, mo na ọwọ́ ọ̀tún, mo sì dúró.

"Wọ́n wà níbẹ̀ yẹn," Noel ní.

"Mo rí wọn."

Bridie wo ilẹ̀. Òtútù ń ta mí ní ìka, mi ò sì ká ọwọ́ náà kò. Nígbà tó pẹ́, Noel padà, ó gbé ìdì kọ́kọ́rọ́ náà, ó sì fi í sí ọwọ́ mi.

Mo kà wọ́n lójú rẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan, mọ́kànlá. Ìgbà tí mo kà wọ́n tán ni mo tó dúpẹ́.